Láídì àti Mọ́tò Ẹ̀yìn

Ẹni tó bá fẹ́ bú Láídì, kó kọ́kọ́ wá bá mi. Èmi Olówòkéré, èmi ni mo ń wa mọ́tò ẹ̀yìn, mọ́tò tí gbogbo Ìgbókòdá sọ di ẹ̀rín. Wọ́n ní obìnrin tí ilé rẹ̀ wà lórí òpó láàárín omi, tí kò sí títì kankan tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ló lọ ra jíìpù. Kò sì ra ẹyọ kan, méjì ló rà. Ọ̀kan ń gbé èèyàn, èkejì ń tẹ̀lé e lófìfo. Bí a bá ti ń jáde ní èbúté, àwọn ọlọ́kadà á máa pariwo pé gómìnà ń kọjá. Mo ti gbọ́ ọ tó. Kò sẹ́ni tó béèrè ìdí nínú wọn kó tó la ẹnu rẹ́rìn-ín, nítorí náà èmi ni mo máa sọ ọ́ bí wọn kò tilẹ̀ béèrè.

Edé ni Láídì ń tà. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge ló ti ń ra edé tútù lọ́wọ́ àwọn apẹja Abereke, á yan án lórí iná títí á fi gbẹ, á sì gbé e lọ sí ọjà Ìgbókòdá. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n bó bá dúró níwájú ọkọ̀ tó fọwọ́ lé ìbàdí, ìwọ fúnra rẹ á sún sẹ́yìn. Mùsùlùmí ni, kì í sì í pa ìrun jẹ. Mo ti rí i tó ń kírun lórí ìjókòó nínú ọkọ̀ tí ìgbì ń gbé sókè sódò, nígbà tí àwa yòókù ń ké pe Jésù. Sàláúdéènì lọkọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́, òun ló kọ́ mi ní ọkọ̀ ojú omi wíwà. Kò sí ẹsẹ̀ odò kan láti Molutehin dé Etikan tí ọkùnrin yẹn kò lè dijú kọjá. Bó bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì lókèèrè, á dárúkọ ẹni tó ni ín, á sì sọ ohun tó ń ṣe é.

Àfi bí kíndìnrín ṣe kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, ìtọ̀ kò fẹ́ jáde mọ́. Ilé ìwòsàn kan ní Oǹdó ni wọ́n ti sọ fún wa pé ẹ̀rọ ni yóò máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti pé bí wọn kò bá fọ̀ ọ́, kò ní pẹ́. Dókítà náà kò fi epo ra ọ̀rọ̀ náà fún wa. Láti ọjọ́ yẹn ni ìrìn àjò ti di iṣẹ́ wa: ọkọ̀ láti ilé dé èbúté Ìgbókòdá, mọ́tò láti ibẹ̀ gba Òkìtìpupa, gba Òrè, títí dé Oǹdó, ká tún máa padà bọ̀.

Àwọn mọ́tò tí a ń háyà nígbà náà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá mi wọ irú wọn. Ọ̀kan gbóná títí ó fi gbiná lábẹ́. Ọ̀kan kó sínú kòtò, taya rẹ̀ yọ, ó yí wọ igbó lọ. Èyí tó tẹ̀lé e ló burú jù: ó kú síbi tí kò sí ilé, òjò ń rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú rẹ̀ tó ń mí gúlegúle bí ẹja inú ọkọ̀. Nígbà tí a máa fi dé Oǹdó, wọ́n ti gbé ẹlòmíràn sórí ẹ̀rọ. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ la sùn sí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ́ ọkùnrin.

Nígbà tí a padà délé, Sàláúdéènì pe gbogbo wa jọ. Ó gbọ́wọ́ lé Kùránì, ó ní, "Ọjọ́ tí mọ́tò bá tún kú mọ́ mi lábẹ́ lójú ọ̀nà yẹn, ilé ni mò ń padà sí, n kò sì ní lọ mọ́. Mo wakọ̀ lójú òkun, n kò kú. N kò ní wá kú sí etí títì bí ewúrẹ́ tí mọ́tò pa."

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi ìbúra ṣeré. Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé bí mọ́tò bá ti kú, òun náà kú nìyẹn. Láídì kò bẹ̀ ẹ́, kò sì sunkún. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìgbókòdá, ó lọ ta ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, ilé tí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ ogbó sinmi sí. Ó ní òun fẹ́ ra jíìpù, kì í sì í ṣe jíìpù játijàti, èyí tó tutù nínú tí àga rẹ̀ rọ̀ dáadáa, torí bí wọ́n bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ ọkọ òun tán, gbogbo egungun rẹ̀ ló máa ń ro ó, kòtò kékeré kan á mú kó ké. Àwọn aládùúgbò ní ó ti ya wèrè. Ó ní wèrè òun kò ba ti ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ìsìmáílà, àbúrò ẹ̀gbọ́n mi, tó ń gba kọńtíráàtì ní Wàrì, dá owó kún un. Àmọ́ èyí tó fẹ́ kí a rà ti wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó dá kọ́bọ̀ kan. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kí wọ́n má bàa pè mí lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Arẹwà. Irú èyí tí àwọn olówó ń gùn, tó bá ń kọjá, ọmọdé á dúró, àgbà á dúró. Ìsìmáílà ní ìdílé àwọn kì í ṣe ìdílé tó yẹ kí wọ́n máa rí nínú ohun tó kéré sí i.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí ìsọ̀ mọ́tò kan ní Àkúrẹ́, Láídì, Ìsìmáílà àti èmi. Ohun tí Ìsìmáílà ti gbàgbé ni pé àwa tí à ń ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ omi ní òfin tiwa. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì tó ti rẹ̀ fún ẹ, á ti tan án kó o tó dé, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í fi àìsàn rẹ̀ hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń jí lọ bá wọn. A sùn sí Àkúrẹ́, nígbà tí ọlọ́jà náà, Ọpẹ́fólúwa, máa fi ṣí géètì, àwa ti dúró síbẹ̀. Láídì kò kí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó kọjá lára rẹ̀, ó ń fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.

Ọpẹ́fólúwa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti ra mọ́tò rí ni?"

"Rárá o. Ẹ́ńjìnnì ni mo ti rà rí."

A wọ Arẹwà. Láídì ní òun kò jókòó síwájú, ó lọ sẹ́yìn síbi tí ọkọ rẹ̀ máa jókòó sí, ó fẹ̀yìn tì, ó dijú. Èmi ni mo wà á. Mo gba orí kòtò, mo gba orí òkè tí wọ́n ń ṣe sójú títì kí mọ́tò má bàa sáré, kò dà bíi pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a padà dúró, obìnrin náà kò ṣí ojú. Omi ń dà lójú rẹ̀. Ó ní, "Olówòkéré, bí omi ìdájí ló rí." Mo fẹ́ràn mọ́tò yẹn, n kò ní purọ́. Ìsìmáílà ti ń ki ọwọ́ bọ àpò.

Láídì nu ojú, ó sọ̀kalẹ̀, ó bi Ọpẹ́fólúwa pé, "Tí èyí bá bàjẹ́ ńkọ́?"

Olóòótọ́ ni ọmọkùnrin yẹn, mo ń gbàdúrà fún un títí dòní. Ó ní afẹ́fẹ́ ló gbé Arẹwà dúró, kì í ṣe sípíríǹgì, ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ náà bá jò, á fi ikùn lélẹ̀. Ó ní iná pupa kan á kàn tàn níwájú dẹ́rẹ́bà, mọ́tò á kọ̀, mẹkáníìkì tó ní kọ̀ǹpútà nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀, òkè òkun sì ni ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń bọ̀. Ó wá mú wa lọ sídìí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Jíìpù olówó ni èyí náà lọ́jọ́ ayé rẹ̀, awọ ni wọ́n fi bo àga rẹ̀, ó ń tutù nínú, àmọ́ ó ti dàgbà, awọ náà ti ń là, kò sì rọ̀ tó Arẹwà. Àgbà ni mo sọ ọ́. Ọpẹ́fólúwa ní kò sí mẹkáníìkì abẹ́ igi kan láti Ìgbókòdá dé Oǹdó tí kò mọ̀ ọ́n tú, tí kò mọ̀ ọ́n dì.

"Ìyẹn ni pé èyí kì í bàjẹ́?"

"Màmá, n kò ní parọ́ fún yín. Kò sí mọ́tò tí kì í bàjẹ́. Èyí á pẹ́ kó tó bàjẹ́ ni, bó bá sì bàjẹ́, á tètè gbọ́ oògùn."

Ọkàn Láídì rẹ̀wẹ̀sì. Mo mọ ohun tó ń rò, torí òun kan náà ni èmi ń rò. Sàláúdéènì kò búra pé bí mọ́tò bá ń bàjẹ́ lemọ́lemọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ. Ìsìmáílà ní bó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń bàjẹ́, ṣé kò kúkú sàn ká ra èyí tó lẹ́wà? A kúrò ní Àkúrẹ́ láìra nǹkan kan, ó sì ń kùn títí a fi dé èbúté.

Ọkọ̀ wa dé àárín omi. Láídì ṣàdédé yíjú sí mi, ó ní, "Olówòkéré, nígbà tí ẹ bá ń lọ sójú òkun, ẹ́ńjìnnì tí kì í bàjẹ́ lẹ máa ń wá ni?"

Mo ní, "Níbo la ti máa rí i?"

"Báwo lẹ wá ṣe ń lọ tí ẹ ń bọ̀?"

Mo ní, "A kì í dá lọ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín àwa tiwa, ọkọ̀ kan kì í dá dojú kọ òkun. Méjì ló ń jáde pọ̀, kì í sì í ṣe pé ọkọ̀ náà kò dára. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ lánàá pàápàá, kì í dá lọ. Láídì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ìbéèrè tí kò yẹ là ń béèrè láti àárọ̀. Àgbà méjì la máa rà."

Ìsìmáílà fò dìde, díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ dojú dé. Ó ní, "Ìyá Khalidat, ẹ fẹ́ sọ wá di ẹlẹ́yà. Owó tó tó ra Arẹwà lẹ fẹ́ fi ra àlòkù méjì? Kí ni èkejì fẹ́ máa ṣe?"

"Á máa tẹ̀lé èkíní."

"Lófìfo?"

"Lófìfo." Ìyàwó kì í dárúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ wa, Akọ̀wé ló ń pè é láti ìgbà tó ti wọlé wọn. Ó ní, "Akọ̀wé mi, ẹ̀yin ń wá àpọ́nlé, mo gbọ́. Ṣé àpọ́nlé ló máa fọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n yín?" Ìsìmáílà jókòó.

Ẹ ò gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí mọ́tò méjèèjì ní èbúté, ó kọ̀, kò wọlé. Ó ní, "Láídì, ṣé òkú ni mí, tí mọ́tò ń tò tẹ̀lé mi?"

Láídì ní, "Òkú kì í bínú, Bàbá Khalidat. Ẹ wọlé." Ó wọlé, ó ń bú u títí a fi dé Òkìtìpupa.

Faiz, ọmọkùnrin wọn, àbúrò Khalidat, ló ń wa tiwájú, òbí rẹ̀ méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Èmi ń tẹ̀lé wọn. Ojú mi rí nǹkan. Wọ́n sọ mí ní dẹ́rẹ́bà afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń lọ sí Òrè á nawọ́ sí mi, wọ́n á rí i pé àga òfìfo ni mo kó, mo kọjá, wọ́n á gbé mi ṣépè. Èmi náà bínú. Mo bá Láídì sọ ọ́ pé ká máa gbé èrò méjì mẹ́ta, ó kéré tán kí wọ́n yéé bú ìyá mi. Ó ní ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ọkọ̀ kì í ru ẹrù, pé ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀, ta la fẹ́ já sílẹ̀ nínú igbó? Ọkùnrin kan ní gáréèjì Òkìtìpupa bi í lójú mi pé ṣé owó ló ń yọ ọ́ lẹ́nu ni. Láídì wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọkọ ni. Bó o bá ní ìyàwó tó lè ta ilé nítorí rẹ, wá bá mi sọ̀rọ̀." Ọkùnrin náà wá nǹkan mìíràn ṣe. Ó tọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Báyìí la ṣe ń lọ, tí a ń bọ̀, òjò dé, òjò lọ. Ara ẹ̀gbọ́n mi ń fúyẹ́ díẹ̀ díẹ̀. Àgbà kò já wa kulẹ̀. Ó tó àkókò kan tí èmi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá lásán la fi ojú ara wa gbolẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a ti fi Òrè sẹ́yìn, mo rí èéfín funfun tó ń tú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò iwájú. Faiz yà á sí ẹ̀gbẹ́ títì. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sáré lọ. Pọ́ǹpù omi ti fọ́, gbogbo omi ti ṣàn sílẹ̀. Ìyẹn kò ṣòro, mẹkáníìkì á tún un ṣe. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ló bà mí lẹ́rù. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó káwọ́ lé itan, bí ẹni tí wọ́n ti jíṣẹ́ fún.

Ó ní, "Ó ti tó. Olówòkéré, gbé mi padà sílé."

Faiz bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Bàbá rẹ̀ ní, "Mo ti búra. Ó sì rẹ̀ mí, ẹ gbọ́? Ó rẹ̀ mí."

Láídì sọ̀kalẹ̀, ó yí ká wá sí ẹnu ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ etí títì. Mo rò pé ẹ̀bẹ̀ ló fẹ́ bẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

"Bàbá Khalidat, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ará Abereke yẹn kú lójú òkun, tí ẹ ju okùn sí i, tó ní kí ẹ máa lọ, pé ó ti tó òun, kí lẹ sọ fún un?"

Ó yíjú kúrò.

"Ẹ sọ ọ́. Faiz kò tíì gbọ́ ọ rí."

Ó kọjú sí Faiz. "Mo ní a kì í kọ okùn."

A kì í kọ ọ́ lóòótọ́. Ẹni tó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà nínú ìgbì láti ju okùn sí ẹ, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi sílẹ̀. Bó o bá kọ okùn náà, tó o sì yè é, kò sẹ́ni tó máa bá ẹ rìn lójú omi mọ́ láéláé. Ó lè rẹ̀ ẹ́, o lè máa sunkún, ṣùgbọ́n wàá di okùn náà mú.

Láídì nawọ́ sẹ́yìn sí mọ́tò mi, ó ní, "Ilé mi ni mo fi lọ́ okùn yìí. Mo ti jù ú. Ẹ kọ̀ ọ́ kí n rí yín."

"Ìbúra mi ńkọ́?"

"Ìbúra ní kàfárà tí wọ́n fi ń tú u. Tálákà mẹ́wàá ni mo máa bọ́, èmi ló máa gbọ́únjẹ wọn. Opó ṣíṣe ni kò ní kàfárà." Ohùn rẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ ọ rí nìyẹn. "N kò ṣe opó lónìí. N kò ṣe é."

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. Ó na apá. Èmi àti Faiz gbé e sọ̀kalẹ̀, a gbé e wọ mọ́tò ẹ̀yìn. Faiz ní láti bá wa lọ, torí ẹni méjì ló máa ń gbé e gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn. Láídì ní òun á dúró ti èyí tó bàjẹ́, kí àwọn olè má bàa tú u palẹ̀. Ó ti ń wá òkúta tó máa fi dí taya.

Mo ṣáná sí mọ́tò. Bí mo ṣe fẹ́ gbéra, ọkùnrin tó ní kí n gbé òun padà sílé láìpẹ́ yìí yíjú sẹ́yìn. Ó wo títì tó wà lẹ́yìn wa, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dì mí léjìká mú. Ó ní, "Èyí wá ńkọ́? Ta ló ń tẹ̀lé e?"

Ẹ̀rù ló ń bà á. Olúwa mi, ọkùnrin náà ń bẹ̀rù kí mọ́tò má tún kú kó tó dé ibi tó ń lọ. Fèrèsé wà ní ṣíṣí, Láídì sì gbọ́ ọ. Ó dìde dúró, òkúta náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i tó fi apá aṣọ nu ojú.

"Èmi ni," ó ní.

Ó ju òkúta sílẹ̀, ó jáde sójú títì, ó dá ọlọ́kadà tó ń bọ̀ dúró. Obìnrin tí orúnkún ń dùn, tí kò gun ọ̀kadà rí láyé rẹ̀, ó ká aṣọ, ó gùn ún. Jíìpù tó fi ilé rà, ó fi í sílẹ̀ létí títì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ẹ, kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Mo gbéra. Nínú díńgí, mò ń rí i lẹ́yìn wa, híjáàbù rẹ̀ ń fẹ́, ó di ọlọ́kadà náà mú gírígírí. Ẹ̀gbọ́n mi kò wo iwájú títí a fi dé Oǹdó. Ó kọjú sí gíláàsì ẹ̀yìn, ó ń ṣọ́ ọ.

"Olówòkéré," ó ní, "má sáré jù. Jẹ́ kó máa bá wa."